Igba Ojú Ló Mọ̀ Ọ́n: Bàbá Sàlá, Ọ̀run Móoru àti Gbèsè Òkìkí

  Ẹ̀yin tí dátà yín kò lè gbé ohùn lónìí, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ tí dẹ́rẹ́bà ti yí rédíò sókè débi pé ẹ ò gbọ́ ohun tó wà létí yín, torí yín la ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, iná lọ. Èmi àti ìyá mi àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkè Pádre. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ìbàdàn, ìgboro àtijọ́ ni Òkè Pádre wà, níbi tí òrùlé páànù tó ti dípẹtà ti sún mọ́ ara wọn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Pádre ni àwọn ará ìjelòó ń pe àwọn àlùfáà Kátólíìkì. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn, St. Patrick's, ló fún òkè náà lórúkọ.

Mo ń wá nǹkan tí màá fi dá Ìyá Àgbà lára yá. Mo ṣí fóònù mi, mo tẹ orúkọ Bàbá Sàlá, mo sì gbé e sí i níwájú. Bàbá Sàlá kò tíì la ẹnu tí Ìyá Àgbà ti bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fi etí ìró nu ojú, ó wò mí.

"Àbẹ̀kẹ́, èló lo san?"

"Mi ò san nǹkan kan, mà. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ta ló wá ń gba owó ẹ̀?"

"Ó lè jẹ́ ẹni tó gbé e síbẹ̀, mà."

"Sé ọmọ Bàbá Sàlá ni?"

Mo wo orúkọ tó wà lábẹ́ fídíò náà. Kò jọ orúkọ ọmọ ẹnì kankan. "Rárá o, mà."

Ìyá Àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bó se rí nígbà tiwa náà nìyẹn. Àwa náà ò san fún un."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé sùn. Òun náà ni mo gbé wá bá yín lónìí.

Igba ojú

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ń lò láìronú sí i: gbajúmọ̀. Àwọn àgbà máa ń túmọ̀ rẹ̀ pé ẹni tí igba ojú mọ̀ ni. Ẹ tún un gbọ́: igba ojú. Ọ̀rọ̀ náà sọ fún wa pé ojú ló ń sọ ènìyàn di ìràwọ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́. Kò sọ iye ọwọ́ tó máa kì bọ àpò nínú igba ènìyàn tó ń wò ó.

Àlàfo kan wà láàárín ojú tó mọ Bàbá Sàlá àti ọwọ́ tó sanwó fún un. Inú àlàfo yẹn ló já sí. Ìtàn bí àlàfo náà ṣe ṣí sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, wọ́n bí i ní ọdún 1936. Orin ló kọ́kọ́ gbé e jáde, kì í ṣe àwàdà. Ó ní ẹgbẹ́ olórin háíláìfù kan tó ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń ta gìtá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí King Sunny Adé. Ẹ rò ó wò ná: ọ̀gá fi orin sílẹ̀ lọ di aláwàdà, ọmọ iṣẹ́ mú gìtá tirẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì sì di ìràwọ̀.

Nígbà náà, àwọn tó ń ṣe eré orí ìtàgé ní ilẹ̀ wa, eré ọba, eré ìtàn àti eré ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Hubert Ògúndé wà níbẹ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá wà níbẹ̀, Dúró Ládiípọ̀ ń fi Ọba Kò So yí ayé po. Àwàdà wà nínú eré wọn, àmọ́ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni. Moses Ọláìyá ní tòun, àwàdà ni òun máa fi ṣe odidi oúnjẹ. Ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aláwàdà. Ó wọ awò ojú tí kò ní gíláàsì, ó so táì ńlá mọ́ ọrùn bí ẹyẹ tó na ìyẹ́, ó gbé aago tó yẹ kó wà lórí tábìlì kọ́ ara. Ó di bàbá arúgbó kan tó háwọ́, tó ń purọ́, tó ń ṣojo, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára owó àti obìnrin. Bàbá Sàlá nìyẹn.

Ohun tó wá sọ bàbá náà di ti gbogbo ènìyàn kò jìnnà sí ilé wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Agodi, níbí ní Ìbàdàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ Aláwàdà wọ orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹni tí kò lọ sí gbọ̀ngàn rí mọ Bàbá Sàlá. Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ gómìnà mọ Bàbá Sàlá. Títí di òní, bí ẹnì kan bá gbé aago ńlá sọ́rùn ọwọ́, ẹ mọ ẹni tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó padà ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ bí owó ṣe ń wọlé fún àwọn òṣèré nígbà náà.

Ẹgbẹ́ òṣèré jẹ́ ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò. Wọ́n á kó ara wọn sínú ọkọ̀, ọ̀gá, àwọn ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́, ìlù àti aṣọ. Wọ́n á wọ ìlú kan, wọ́n á fi gbohùngbohùn polówó yí ìgboro ká, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn tàbí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Lálẹ́, ẹnì kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sanwó á wọlé. Ẹni tí kò bá san, ó lè gbọ́ ẹ̀rín láti ìta, àmọ́ kò ní rí ohun tó fa ẹ̀rín.

Iṣẹ́ yẹn kò rọrùn. Ọ̀nà ń pa wọ́n. Ní ọdún 1970, ìjàmbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí Adéṣẹwà, ìyàwó Ògúndé, ẹni tó jẹ́ òpómúléró nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń bá ẹgbẹ́ òṣèré rìn nígbà náà, ó mọ̀ pé òun lè má délé.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun kan. Nínú ètò yẹn, òkìkí àti owó jọ ń rìn ni. Bí wọ́n bá fẹ́ rí ọ, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ibi tí ara rẹ wà. Kò sí ẹni tó lè jí Bàbá Sàlá gbé lọ sí pálọ̀ ara rẹ̀ kó máa ṣeré fún òun àti àwọn àlejò rẹ̀. Ara òṣèré ni ọjà rẹ̀, òun náà ló sì ń gbé e kiri.

Lẹ́yìn náà ni sinimá dé.

Ní ọdún 1976, fíìmù Yorùbá kan jáde tó ń jẹ́ Àjàní Ògún. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Adé Love sì ni olú òṣèré. Àwọn ènìyàn tú jáde lọ wò ó. Àwọn ọ̀gá eré orí ìtàgé rí i pé ohun tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún gbé kiri lórí ọkọ̀, wọ́n lè ká a sínú okùn fíìmù. Nígbà tó di 1979, Ògúndé fúnra rẹ̀ gbé Ayé jáde, Jáyésinmi sì tẹ̀lé e ní 1980. Ẹni tó bá ní orúkọ lórí ìtàgé kò ní í fẹ́ kí sinimá kọjá òun.

Àmọ́ fíìmù ayé ọjọ́un kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi fóònù yà. Okùn fíìmù gidi ni, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á. Bí wọ́n bá ya àwòrán tán, kò sí ilé iṣẹ́ tó lè fọ fíìmù aláwọ̀ mèremère ní Nàìjíríà, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e padà lọ sí òkè òkun kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, owó gọbọi ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà fi máa ń kéré níye. Oníṣẹ́ tàbí ẹni tó fọkàn tán ló máa ń gbé ẹ̀dà náà láti ìlú dé ìlú, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé eré orí ìtàgé kiri gẹ́lẹ́. Wọ́n á háyà gbọ̀ngàn, wọ́n á ta aṣọ funfun, wọ́n á tan ẹ̀rọ, ẹnì kan á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì.

Ṣé ẹ rí i? Ara òṣèré ti kúrò níbẹ̀, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ṣì wà. Níwọ̀n ìgbà tí okùn fíìmù bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, owó rẹ̀ ń bọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ilé yẹn fi lè wó ni kí ẹnì kan rí ọ̀nà tó rọrùn láti sọ ẹ̀dà kan di ẹgbẹ̀rún.

Ọ̀run Móoru

Ní ọdún 1982, Bàbá Sàlá gbé fíìmù tirẹ̀ jáde: Ọ̀run Móoru. Ọlá Balógun náà ló darí rẹ̀. Túndé Kèlání, tí ẹ mọ̀ sí ẹni tó ṣe Ṣaworoidẹ, wà nídìí kámẹ́rà.

Ìtàn fíìmù náà gan-an dà bí àsọtẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí àwọn gbájúẹ̀ ti gbá lọ́wọ́, tí wọ́n ti sọ di òtòṣì. Ayé sú u, ó fẹ́ kú. Ó dé ọ̀run, wọ́n ní àkókò rẹ̀ kò tíì tó, wọ́n fún un ní ẹyin méjì pé kó máa padà sílé. Láti ara ẹyin yẹn ló ti di olówó rẹpẹtẹ. Àmọ́ owó tí wọ́n fi oògùn kó wálé kì í gbé pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ṣe é: owó epo rọ̀bì ti kún ìlú, àwọn kan ń lówó òjijì tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe rí i, àwọn mìíràn sì ń wá oògùn owó kiri. Ohun tó wà nígboro ni Bàbá Sàlá gbé sójú fíìmù, ó sì fi ẹ̀rín bò ó.

Ó kó owó lé fíìmù náà, ó sì jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó bẹ̀rù. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí ó bá jẹ́ pé òkìkí ni wọ́n fi ń dúró bí onídùúró ní báǹkì, kò sí ẹni tí ì bá tún ní kó mú ìwé ilẹ̀ wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé owó epo kan náà tó kún ìgboro ti ra nǹkan mìíràn wọlé: ẹ̀rọ fídíò. Àwọn tó rí jájẹ ti ní in ní pálọ̀. Fíìmù Bàbá Sàlá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n dà á kọ sórí káséètì fídíò, ayédèrú sì gba ìgboro kan kí oníṣẹ́ tó rí owó rẹ̀ kó jọ. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti lọ tò lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn mọ́. Ohun tó wà nínú gbọ̀ngàn ti wà ní ilé aládùúgbò.

Ìyá Àgbà wà ní irú ilé aládùúgbò bẹ́ẹ̀. Ó ní kò pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà Omíyalé Ògùnpa. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìyẹn ni a fi ń ka ọjọ́ orí àti ọjọ́ ìgbéyàwó: ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ tí odò Ògùnpa gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ó ní ọkùnrin kan ládùúgbò wa ra ẹ̀rọ fídíò. Àwọn ọmọdé ń san kọ́bọ̀ mélòó kan, àwọn àgbà ń gbé àpótí ìjókòó wá látilé. Pálọ̀ kún, ojú fèrèsé kún, àwọn kan dúró sí gọ́tà.

Mo bi í pé, "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ mọ̀ pé ayédèrú ni?"

Ó ní, "Kí là ń pè ní ayédèrú? Bàbá Sàlá là ń wò. Ojú ẹ̀ náà ni, ohùn ẹ̀ náà ni. A fẹ́ràn ẹ̀ ni a se lọ. Tá ò bá fẹ́ràn ẹ̀, kí la fẹ́ lọ se níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo ti kà nípa fíìmù náà lọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ba Bàbá Sàlá lọ́wọ́ jẹ́, olè ni ọkàn wa máa ń lọ bá, ẹnì kan tó fi òkùnkùn bojú. Olè wà lóòótọ́. Àmọ́ olè nìkan kò lè ṣe é. Káséètì tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wò, ta ni yóò dà á kọ? Òkìkí Bàbá Sàlá ló sọ ayédèrú náà di ọjà. Bí àwọn ènìyàn ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó ni àdánù rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ohun tó fi ogún ọdún kọ́, ìyẹn ojú tí gbogbo ènìyàn mọ̀, òun náà ni wọ́n fi tà á.

Ìlú kò sì ní ọ̀pá tó lè fi lé wọn. Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ oníṣẹ́ wà láti ọdún 1970, àmọ́ kò ní eyín tó lè fi gé ẹnikẹ́ni jẹ. Ọdún 1988 ni ìjọba tó ṣe òmíràn. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí Ọ̀run Móoru nígbà náà.

Mo Ṣebọ́látán

Gbèsè wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Fún òṣèré mìíràn, àwọn ènìyàn ì bá kẹ́dùn. Àmọ́ ta ni yóò gba ẹkún aláwàdà gbọ́? Ẹni tó fi ogún ọdún sọ ahun, olójúkòkòrò àti ẹni tí owó ń sá fún di ẹ̀rín, bó bá jáde wá pé owó òun ti lọ, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Mo rò pé ara gbèsè òkìkí nìyẹn, èyí tí kò sí nínú ìwé báǹkì. Àwọn ènìyàn ti gba ojú rẹ, wọ́n sì ti pinnu ohun tí ojú náà wà fún.

Kò jókòó sílé sunkún. Ní 1983 ó gbé Ààrẹ Àgbáyé jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni Mo Ṣebọ́látán. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: mo ṣebí ọlá ti tán. Èmi kò mọ bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù tó bẹ́ẹ̀ kó má dúró díẹ̀.

Àmọ́ ilẹ̀ ti ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Ní 1982, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e, ó sì já wálẹ̀ bí òkò. Okùn fíìmù tí wọ́n ń rà lókè òkun, tí wọ́n sì ń fọ̀ lókè òkun, kúrò ní ohun tí apá ká. Àwọn òṣèré wá yíjú sí ohun kan ṣoṣo tó kù tí owó wọn tó: káséètì fídíò. Ohun tó jí iṣẹ́ wọn gbé ni wọ́n wá fi ṣe iṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni eré àgbéléwò ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń fi Nollywood yangàn lé lórí lónìí. Bàbá Sàlá náà wà nínú rẹ̀. Ní 1992 ó ṣe Àgbà Man, orí fídíò ló sì ti ṣe é.

Ó kú ní ìlú rẹ̀, Iléṣà, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló dárò rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, fídíò rẹ̀ kún orí fóònù wa. Mo rántí pé èmi náà fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo fi àmì ẹkún sí i. N kò bèèrè ẹni tó ni ín.

Àwa náà nìyí

Ẹ lè ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ dúró ná.

Adé Love, olú òṣèré Àjàní Ògún, bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kúnlé. Kúnlé Afọláyan dàgbà, ó di adarí eré, ó ṣe October 1 ní ọdún 2014. Ní 2015, ayédèrú rẹ̀ ti wà lójú títì. Bàbá gbé okùn fíìmù kiri, ọmọ lo ẹ̀rọ ìgbàlódé, ibi kan náà ni òjò ti bá ọmọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Tóyìn Abraham ké gbàjarè pé wọ́n ti ń pín fíìmù rẹ̀ Malaika kiri lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó ṣì wà ní ilé sinimá. Ní oṣù kan náà, A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní àwọn ilé sinimá wa. Ẹ fi ìròyìn méjèèjì wéra. Bílíọ̀nù yẹn fi hàn pé nígbà tí ẹnu ọ̀nà bá dúró, a máa ń sanwó. Kì í ṣe pé a háwọ́.

Mo ní ẹjọ́ tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún tó kọjá, ojú ìwé kan tí kì í ṣe tiwa gé ohùn mi láti inú ètò kan tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe, wọ́n fi àwòrán mìíràn sí i, wọ́n sì gbé e jáde. Àwọn tó wò ó níbẹ̀ ju àwọn tó gbọ́ ọ lọ́dọ̀ wa lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi kan rí i, ó pè mí tayọ̀tayọ̀ pé, "O ti di sẹ̀lẹ́bù o!" Orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Inú bí mi, mo sunkún, mo kọ̀wé sí wọn, wọn kò dáhùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, kí n lè gbàgbé ìbànújẹ́ mi, mo wo fíìmù kan láti inú líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ mọ irú líǹkì tí mo ń wí. Kò sí ohun tó sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Àfi ìgbà tí Ìyá Àgbà bi mí pé ta ló ń gba owó ẹ̀.

N kò wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí mo bá dá yín lẹ́bi, màá kọ́kọ́ dá ìyá mi àgbà lẹ́bi, kí n tó wá dá ara mi lẹ́bi. Àwọn tó kún pálọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀daràn. Olólùfẹ́ ni wọ́n. Ohun tí ìtàn Bàbá Sàlá ń kọ́ mi nìyẹn: pé ìfẹ́ nìkan kò lè bọ́ òṣèré. Nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣì wà, kò pọn dandan kí olólùfẹ́ ronú nípa owó, ọ̀nà tó gbà wọlé ti ronú fún un. Nísinsìnyí tí kò sí ẹnu ọ̀nà mọ́, tí ohun gbogbo wà lórí fóònù, ìrònú yẹn ti bọ́ sí wa lọ́wọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe sikíìtì, tí ẹ ń kọrin nínú yàrá, tí ẹ ń retí ọjọ́ tí ojú yín máa gba ìgboro, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín nísinsìnyí kó tó di ọjọ́ náà: nígbà tí igba ojú bá mọ̀ mí, níbo ni ẹnu ọ̀nà mi wà?

Nígbà tí iná padà dé lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, Ìyá Àgbà kò dìde. Ó ní kí n bá òun wá Ọ̀run Móoru gan-an, kì í ṣe àwọn àgékù. Mo ní, "Ìyá Àgbà, bí mo bá rí i, ọ̀fẹ́ náà ló máa jẹ́ o."

Ó ronú díẹ̀. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ igba náírà, ó na án sí mi.

"Gbà, fi pa mọ́. Lọ́jọ́ tó o bá mọ ọmọ ẹ̀ kan, kó o bá mi fún un. Sọ fún un pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ni."

Igba náírà kò lè ra búrẹ́dì mọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ṣáà tẹ́wọ́ gbà á. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí mo ti ń ka ètò yìí sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá jẹ́ ẹbí Bàbá Sàlá, ẹ kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní kí n bá wọn san gbèsè kan.